Ìka Mẹ́wàá Tí Àwòdì Kò Jẹ́ Kó Yọ́

Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo lú ìtàn yìí, kí gbogbo rédíò tí mo bá fọwọ́ kàn láti òní lọ máa kùn bí ìyá ọkọ tí inú ń bí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi rédíò ṣeré. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi tún wọn ṣe, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Èmi àti síkúrúdíráfà kan ṣoṣo la jọ tú rédíò àkọ́kọ́, rédíò náà wo ojú mi, ó rí i pé n kò ní gbà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àbúrò mi obìnrin yìí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó ṣojú mi kòrókòró.

Àwòdì là ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń gbé òròmọdìẹ o. Ojú rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé, eré burúkú ló ń sá, eruku bo gbogbo wa lójú. Gbogbo wa ń kí i. Òun nìkan ló dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Wáyà kan ti já nínú wẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn." Bàbá wa ní kó panu mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá wa fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀, wẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ti wọ́. A kà á: wáyà kan ló kọ́kọ́ já. Àwọn kan á ní kò sí ojú èèyàn tó lè rí wáyà kan lára wẹ́ẹ̀lì tó ń sáré. Àwọn yẹn ò sí níbẹ̀.

Ní báyìí, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ojú náà ló sì fi ń jẹun. Ọ́fíìsì kan ló ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń ṣe fídíò ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé ìwé. Òun kọ́ ló ń ya fídíò, òun kọ́ ló ń kọ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fún fídíò pọ̀ kó kéré, kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò lágbára lè gbé e, kó má sì bàjẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bani. Fídíò kì í ṣe ohun tó ń rìn. Fọ́tò ni, ọgbọ̀n fọ́tò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ara wọn. Bí a bá ní ká gbé gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, fóònù á rọ́ lulẹ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà á gbé fọ́tò kan ní odindi, á wá máa ròyìn àwọn tó kù: "Bí mo ṣe fi yàrá sílẹ̀ náà ló wà, àga wà níbẹ̀, ògiri wà níbẹ̀, ọwọ́ nìkan ló sún sókè díẹ̀." Òfófó ni, ẹ̀yin ará, àmọ́ òfófó tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ fún. Bí nǹkan bá rọra ń lọ, ọ̀rọ̀ á tó o. Bí nǹkan bá ń sáré, ìròyìn á pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi ẹyọ kan lé iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà fún un. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú. Á ní, "Nǹkan kan kọjá níbí, ó jọ ọwọ́." Ibẹ̀ ni àwòrán ti ń yọ́ bí òrí tí oòrùn pa.

Iṣẹ́ Àwòdì ni láti bá kọ̀ǹpútà sọ ọ́: ibí ni kó o ti sọ̀rọ̀, ibí ni kó o ti dákẹ́. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ilé ìdáná lọ. Kọ̀ǹpútà olójú méjì wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló lẹ fóònù kan mọ́ tábìlì, fóònù tójú rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Orí rẹ̀ ló ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ojú fóònù tálákà ni wọ́n máa ti wò ó, nítorí náà ojú fóònù tálákà lòun náà á ti wò ó. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tó ń kọ gbogbo ìgbìyànjú sí: ìgbà kẹrìnlá, etí aṣọ dára, irun yọ́, ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, irun dára, ètè yọ́. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ti bura pé òun ò ní bá a wo bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo àdúgbò ń fò sókè, ìyàwó tèmi ní, 'Baálé mi, ẹ wo koríko, ó ń yọ́.' Ṣé koríko ló gbá a wọlé ni?"

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní òdìkejì ọ̀nà. Láti ìgbà tí mo ti fi í lé ọmọ mi lọ́wọ́, àga kan lẹ́yìn Àwòdì ni mo máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó rán mi, ṣùgbọ́n ilé tí àgbà ò bá sí, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Àbúrò mi, àwòrán lè ṣú, aráyé á fojú fò ó. Ohùn ni kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Ohùn ni ẹ̀mí nǹkan." Ó kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀, ó sì ti tẹ̀ lé e láti ọjọ́ náà. Ẹ rọra rántí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìwé àwọn adití, wọ́n dá gbogbo ọmọ padà sílé fún sáà kan. Abúlé tó jìn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti máa ń wá bí àlejò, tí kì í jókòó. Ilé ìwé bẹ ọ́fíìsì àbúrò mi pé kí wọ́n máa fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ náà. Bí olùkọ́ kíláàsì àwọn kéékèèké ṣe wọ inú ìtàn yìí nìyẹn.

Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ ni mo sọ ọ́. Adití ni òun náà. Ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ẹyẹ méjì ló ń du ẹ̀ka kan. Ó máa ń wo ẹnu èèyàn mọ ohun tó ń sọ, ìwé kékeré kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi ń kọ̀wé sí wa. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tó pé, Àwòdì ti ń gbọ́ púpọ̀ nínú èdè ọwọ́ náà, òun ló sì ń túmọ̀ fún mi. Àwọn adití a máa fún èèyàn lórúkọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ pè. Lọ́jọ́ kejì tó rí mi, ó fún èmi náà lórúkọ: ó gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Mo bi Àwòdì pé kí ló túmọ̀ sí. Ó ní, "Àgbà ọlọ́gbọ́n ni, Bọ̀ọ̀dá mi." Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Nínú èdè wọn, láti ẹẹ́fà dé ẹẹ́sàn-án, àtàǹpàkò ló ń kan ìka kan lẹ́yìn ìkejì: ìka tó bá kàn ló sọ iye tó jẹ́. Ó kọ́ ọ dáadáa, Àwòdì fún fídíò náà pọ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ fi fóònù àwọn òbí wọn ya èsì ránṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ ló kọ́kọ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń bi í léèrè pé, "Olùkọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́? Ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kejì béèrè nípa ìbọ̀wọ́. Ọmọ kẹrin náà béèrè: ìka rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra lójú fóònù wọn. Nígbà tó fi máa di ìkarùn-ún, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, bí akọrin tó jí láàárọ̀ tí ohùn rẹ̀ ò jáde.

Ọ̀gá ọ́fíìsì wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó máa ń rìn bí ẹni tí ìpàdé ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ó wo èsì àwọn ọmọ, ó sì mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ ò lè gbé ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò, kí wọ́n máa kà á."

Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ ti wo ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra kíákíá, Àwòdì ń sáré tẹ̀ lé e: "Ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n, wọn ò tíì mọ̀wé kà. Ó ní ṣé ìwé lẹ fẹ́ fi kọ́ wọn ní ìwé? Ó ní nílé àwọn ọmọ yẹn, ẹnikẹ́ni ò mọ èdè ọwọ́, ìyá wọn gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ó ní tí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí sáà yìí á fi parí. Oṣù mẹ́ta, ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó máa bá wọn sọ nǹkan kan."

Ọ̀gá fọwọ́ ra orí. Kò burú ní èèyàn. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fi ẹ̀kọ́ tuntun ránṣẹ́ sí ọmọ mẹ́wàá, ìbéèrè márùn-ún. Bí mẹ́jọ bá gbà á, a ó máa bá a lọ. Bí wọn ò bá gbà á, ọ̀rọ̀ kíkọ ni. Ẹ má bínú."

Bó ṣe di pé Àwòdì bẹ̀rẹ̀ ogun nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó yọ kọ́tìnì olódòdó tó wà lẹ́yìn Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ. Ó ní kọ̀ǹpútà ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí òdòdó tó ń mì, òdòdó ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò. Ó fi aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ìka là díẹ̀. Ó tún gbé àga olùkọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí pé bí iná bá kéré, kámẹ́rà á la ojú pẹ́, ọwọ́ á sì ti kọjá kó tó pa á dé. Ohun tí kámẹ́rà ò rí, kọ̀ǹpútà wo ló máa dá a padà? Ìka tún là díẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó rí i pé ọ́fíìsì ti dín fọ́tò kù láti ọgbọ̀n sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí fídíò lè kéré. Àtàǹpàkò á kan ìka, á kúrò níbẹ̀, láàárín fọ́tò méjì, kò sì sí ẹni tó rí i. Ó dá ọgbọ̀n padà. Bó ṣe dá a padà, ojú olùkọ́ fọ́ wẹ́wẹ́ bí ògiri tí òjò pa. Mo bi í pé kí ló tún dé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, oúnjẹ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ọgbọ̀n èèyàn ló wá jẹ ẹ́."

Ọ̀gá dábàá pé kí olùkọ́ máa rọra ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ wò ó títí, ó gba bírò, ó kọ̀wé: "Ẹ bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ ní fà-á-fà-á-fà-á báyìí láti àárọ̀ di alẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ó ṣì wà nílé." Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó sì jáde.

Títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìgbìyànjú ti di mọ́kànlélógójì nínú ìwé. Ẹẹ́fà ti yàtọ̀ sí ẹẹ́sàn-án. Eéje àti ẹẹ́jọ ṣì di ara wọn mú. Àwòdì ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ìka ra igi imú. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà dábàá oríṣi ọgbọ́n méje tí mo máa ń lò fún rédíò, ká ní kì í ṣe fídíò ni, gbogbo rẹ̀ ni ì bá ṣiṣẹ́.

Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀ nísàlẹ̀: ọ̀kan ní àwòrán kéékèèké, èkejì gún ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Ó fi ìka tọ́ka sí ayùn náà. Ó béèrè pé kí ni.

Àwòdì ní, "Ohùn ni."

"Ohùn ta ni?"

Àwòdì ṣíwọ́. Òun náà wò ó. N kò rò pé ó ti wò ó rí láti ọjọ́ Ajé. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí, ó gbọ́ ọ, ó sì yọ ọ́. Ó rọra dáhùn, "Fáànù. Fáànù inú yàrá ni."

"Ó gba ààyè?"

Àwòdì ṣírò rẹ̀. Mo rí i tójú rẹ̀ yí padà. "Bí a bá pín gbogbo ààyè tí a ní sí mẹ́wàá, ohùn ń jẹ mẹ́rin."

Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ dì mọ́ tábìlì. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí ń mi gbogbo èjìká, títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sọ fún wa pé: "Ẹ gbé fáànù dé abúlé fún àwọn ọmọ adití, ẹ wá fi ìka mi sílẹ̀ nílé!"

Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Bí Àwòdì ṣe na ọwọ́ láti gé ohùn náà kúrò, mo dìde. Mo ní, "Rárá o! Má dán an wò! Ta ló kọ́ ọ níyẹn? Fídíò tí kò lóhùn, òkú ni."

Mo ti gbàgbé pé ẹnu mi wà níwájú ẹni tó ń ka ẹnu. Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ wò mí. Ó fa ìwé rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì gbé e sí mi lójú: "Bàbá, ṣé òkú lèmi náà?"

Kò bínú. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo jókòó. Mo ń ro gbogbo ọjọ́ ayé mi tí mo ti ń wí pé ohùn ni ẹ̀mí nǹkan, tí n kò bi ara mi rí pé ẹ̀mí ta ni. Àbúrò mi wo ẹ̀yìn, ó wò mí bóyá n ó tún sọ̀rọ̀. Mo ní, "Gé e."

Ó gé e. Ó kó ààyè mẹ́rin náà fún àwòrán. A jọ gbé ojú lé fóònù tójú rẹ̀ là náà. Àtàǹpàkò kan ìka, a rí i. Ó ṣí, a rí i. Ó kan èkejì, a rí i. Eéje dúró láyè ara rẹ̀, ẹẹ́jọ dúró láyè tirẹ̀.

Ọ̀gá ló kù. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọ́fíìsì máa ń kọ fídíò tí kò bá lóhùn, á fi àmì pupa sí i, á ní ó bàjẹ́. Ọ̀gá ní, "Àǹtí, òfin ni. Fáìlì tí kò lóhùn, a kì í fi ránṣẹ́."

Àwòdì ní, "Ọ̀gá mi, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?"

Ọ̀gá wo àmì pupa náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òfin náà fún kíláàsì yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ ò jókòó, ó dúró ti ògiri, ó ká apá mọ́ àyà bí ẹni tó ń di ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ àkọ́kọ́ gba márùn-ún. Ọmọ kejì gba márùn-ún. Ọmọ kẹta kò tilẹ̀ fẹ́ dáhùn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun ohun tó gé olùkọ́ òun ní àtàǹpàkò. A yíjú wò ó: lóòótọ́, bébà ti gé e láàárọ̀ ọjọ́ tó ya ẹ̀kọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló gbà á. Ìkẹwàá dáhùn ìbéèrè méjì, ó rí ewúrẹ́ tó ń kọjá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá ní, "Ẹ máa bá a lọ." Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ tú apá rẹ̀ ká.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń rò jù. Fóònù ọ́fíìsì dún ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ló ń pè, ó ń pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ti bàjẹ́ o! Fídíò yín ò sọ̀rọ̀! Obìnrin kan kàn ń ju ọwọ́ ni!"

Àwòdì ní, "Mà, kò bàjẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ yín ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ìyá náà wá béèrè, pẹ̀lú ohùn kékeré tí kò jọ ti ìṣáájú, pé, "Ṣé tí èmi náà bá jókòó tì í, tí mo ń wò ó, mo lè mọ̀ ọ́n?"

Àwòdì ní, "Ẹ máa wo àtàǹpàkò, mà."

Ìyá mẹ́rin ló ń bá àwọn ọmọ wọn jókòó síwájú fídíò kí sáà tó parí. Èmi ní tèmi, mo pa òfin mi rẹ́ ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé àbúrò mi, mo fi ọwọ́ ara mi kọ òmíràn sí i: "Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ta ló fẹ́ wò ó." Èmi ni mo ronú rẹ̀. Ó lè sọ fún yín pé òun ni, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kó lọ bá Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ fúnra rẹ̀. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, kíláàsì àwọn kéékèèké ló ṣì wà, lábẹ́ òrùlé tuntun. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má pariwo, ẹ má lọ sẹ́yìn rẹ̀ lọ máa ké pè é. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ sójú yín, ẹ jẹ́ kó rí ẹnu yín, kẹ́ ẹ sì béèrè.